Omi Fàdákà àti Ẹsẹ̀ Bàbá Abẹ

"Mo ní kẹ́ ẹ dà á nù!"

"N ò dà á nù! Ṣé nílé bàbá ẹ ni mo ti gbé e wá ni?"

"Ẹ fún mi ní ìgò yẹn, ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ tó máa dùn yín!"

"Sọ ọ́! Sọ ọ́ ká gbọ́! Ìwọ tó o fún mi lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ náà lo tún fẹ́ já a gbà. Ṣé o fẹ́ máa dá a mu ni?"

Àǹtí mi di ìdí ìgò mú, Bàbá Abẹ di ọrùn ìgò mú, wọ́n jọ ń fà á síwá sẹ́yìn bí ọmọdé méjì tó ń du bọ́ọ̀lù. Oníbàárà kan wà lórí àga tí Bàbá Abẹ ti fá apá kan orí ẹ̀ tán. Apá kejì, irun ṣì kún ibẹ̀ bámú. Ó di aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn mú, ó ń wo ìgò bó ṣe ń kọjá níwájú imú ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí orí mi ná kẹ́ ẹ tó pa ara yín."

Èmi ni mo wọ àárín wọn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìjà ò bà mí lẹ́rù, àmọ́ ìjà àgbàlagbà méjì tí ìgò wà láàárín ẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ọ̀yàn níyẹn. Mo gba ìgò, mo fi pamọ́ sẹ́yìn mi. Omi inú ẹ̀ mọ́ gaara, ó kàn pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí wọ́n fi omi là jù. Kò rùn. Kò jọ ohun tó lè dá wàhálà sílẹ̀ rárá.

Omi fàdákà nìyẹn. Ẹsẹ̀ Bàbá Abẹ ń jẹrà nínú bàtà, omi yẹn ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó ń bí àǹtí mi nínú nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí bàbá lọ ọsibítù kí ẹsẹ̀ ọ̀hún tó lọ. Bàbá ní àwọn ò lọ.

Àbúrò màmá mi ni àǹtí tí mò ń wí yìí. Iṣẹ́ fàdákà ni wọ́n ń ṣe. Ṣéènì tó já, òrùka tó fún jù, yẹtí tí ìkọ́ ẹ̀ ti kán, ẹ ṣáà gbé e wá. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Àǹtí Fàdákà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, kò sì fẹ̀ ju ibi téèyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Béèyàn bá ń gun òkè lọ, eruku bàtà ẹ̀ á máa bọ́ sórí tábìlì. Àǹtí mi ta ọ̀rá sókè bí àjà, ó parí. Lẹ́nu ọ̀nà, lápá ọ̀tún, ibẹ̀ lèmi náà jókòó sí tí mò ń tún fóònù ṣe.

Ọkọ wọn ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wá kó irinṣẹ́, wọ́n ní ibo ni wọ́n ti ń rí obìnrin tó ń fi iná gáàsì ṣiṣẹ́. Àǹtí mi lọ jókòó lé àpótí irinṣẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e kó gbé e tòun tàwọn. Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi sanra nígbà yẹn o. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n fi àpótí sílẹ̀.

Mo ti rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí irú wọn. Wọ́n ta awọ kan sábẹ́ tábìlì, bí wọ́n bá ń fi fáìlì ha nǹkan, ìyẹ̀fun fàdákà tó bá ń bọ́ á dà sórí awọ yẹn. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á gbọn ìyẹ̀fun náà sínú bébà, wọ́n á ká a, wọ́n á fún ẹni tó ni ín. Obìnrin kan bínú sí wọn lójú mi. Ó ní, "Kí ni kí n fi eruku ṣe?" Àǹtí mi ní, "Ẹ lọ dà á nù nílé yín. Fàdákà yín ni, kì í ṣe tèmi." Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń kó ìyẹ̀fun yẹn jọ fúnra wọn tí wọ́n ń yọ́ ọ. Àǹtí mi? Láéláé.

Bàbá Abẹ wà lódìkejì pákó. Pákó lásán ló la ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, béèyàn bá sín níhìn-ín, wọ́n á kí i lọ́hùn-ún. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lo kílípà dé etí, àmọ́ tó bá di ìlà iwájú orí, abẹ ni bàbá máa fà yọ, ọwọ́ wọn ò sì ní gbọ̀n. Ibi tórúkọ ti wá nìyẹn. Nígbà tí onílé ò fẹ́ jẹ́ kí opó dá gba ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Abẹ ló lọ dúró fún àǹtí mi, wọ́n ní tó bá bàjẹ́ kí onílé wá mú àwọn. Látọjọ́ yẹn, wọ́n ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bú ara wọn gba àárín pákó.

"Fàdákà! O ò tíì kú?"

"Ẹ̀yin Abẹ! Ẹ kọ́kọ́ lọ ná, màá bá yín palẹ̀ mọ́!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kíra wọn. Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n á sá lọ pe ọlọ́pàá.

Ká wá dórí omi. Nígbà kan iná gáàsì jó àǹtí mi lọ́rùn ọwọ́, awọ ibẹ̀ bó pátá. A gbé wọn lọ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fi ìpara funfun kan sí i, ó dì í. Ó ní, "Fàdákà wà nínú ìpara yìí o, mà. Ẹ máa lò ó."

Àǹtí mi ní, "Fàdákà? Irú tèmi yìí?"

"Fàdákà náà ni, mà."

Ojú iná jinná, kò kẹ̀ rárá. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu àǹtí mi. Wọ́n ní, "Ẹ wo irú ayé yìí! Nǹkan tí mo ń gbá nílẹ̀ lójoojúmọ́!" Kò pẹ́ sígbà náà, oníbàárà kan tó wá gba ṣéènì sọ fún wọn pé omi fàdákà wà, pé àwọn èèyàn ń ṣe é nílé, wọ́n sì ń lò ó fún ikọ́, fún ojú, fún inú rírun, fún egbò, fún ohun gbogbo. Ó fi hàn wọ́n nínú fóònù ẹ̀. Wáyà fàdákà méjì, bátìrì, ife omi. Ẹni tí fàdákà kún ilé ẹ̀, ṣé ìyẹn le?

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wọ́ wá rèé, ẹ fara balẹ̀. Lédè tiwa, ẹni tó ń fi ìpara pa ara ń lò ó. Ẹni tó ń gbé oògùn mì ń lò ó. Ẹni tó ń kán an sójú, ó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lò ó, ojú egbò ló ń wí. Àǹtí mi gbọ́ "lò ó" lẹ́nu nọ́ọ̀sì, wọ́n gbọ́ "lò ó" lẹ́nu oníbàárà, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní bí ọsibítù bá ń lò ó, a jẹ́ pé ó dáa nìyẹn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ní ife kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ bí ẹni tó ń mu tíì.

Bí ọ̀fìnkìn bá mú wọn tó sì lọ, omi ló lé e lọ. Ọ̀fìnkìn tó jẹ́ pé béèyàn bá kàn jókòó wò ó náà á lọ! Ikọ́ lọ, omi ni. Orí fífọ́ lọ, omi ni. Kò sígbà tí omi ò gba orúkọ.

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ò lè jẹ ìyẹ̀fun ẹlòmíràn ò ní dá nǹkan tó dáa mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Wọn ò tà á, ọ̀fẹ́ ni. Aránṣọ tó wà lókè gbà, oníkẹ̀kẹ́ gbà, ìyàwó onílé gbà. Gbogbo wọn ló ń béèrè pé báwo là ń ṣe é, èsì àǹtí mi ò sì yí padà: "Ẹ ṣáà máa lò ó."

Bàbá Abẹ gba tiwọn nítorí ẹsẹ̀. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, ọsibítù sì ti fún wọn lóògùn tí wọ́n ń gbé mì. Bàtà tuntun wá há wọn lẹ́sẹ̀, ó dá egbò sí ìka méjì tó kángun. Egbò ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ mọ̀ ọ́n, kì í tètè jinná. Àǹtí mi gbé omi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n tún fún wọn ní wáyà méjì kí bàbá lè máa ṣe tiwọn. Bàbá ń mu ún, wọ́n tún ń dà á sẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n pa oògùn ọsibítù tì, wọ́n ní kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Èékánná àǹtí mi ló kọ́kọ́ yí padà, ó ń ṣú bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní èéfín iná gáàsì ni. Erìgì wọn tẹ̀ lé e. Ojú wọn ló wá kẹ́yìn. Màmá mi wo àbúrò wọn títí, wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé èédú lo fi ń bọ́jú ni?" Àǹtí mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi kànìnkànìn ha á, wọ́n tún fi ọṣẹ míì fọ̀ ọ́. Kàkà kó kúrò, bí oòrùn bá ti pa wọ́n ni àwọ̀ ọ̀hún ń ki sí i.

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ó tan iná sí wọn lójú, ó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àtohun tí wọ́n ń mu. Nígbà tí wọ́n dárúkọ omi, dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní fàdákà ti wọnú awọ, ó ti jókòó síbẹ̀, oòrùn ló sì ń mú un ṣú. Ó ní kì í ṣe ohun tó máa pa wọ́n, àmọ́ kò ní kúrò mọ́. Ó ní fàdákà ò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú ara èèyàn, kò wo ikọ́, kò wo nǹkan kan, ó tún lè dí àwọn oògùn gidi kan lọ́wọ́. Kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí.

Àǹtí mi fọwọ́ kan ojú wọn. Wọ́n wá ní, "Dókítà, nínu fàdákà kó máa dán ni mo fi ń jẹun. Gbogbo fàdákà tó bá ti ṣú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ti ojú mi yìí ò ṣeé nù?"

Dókítà wò mí bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo òkè àjà. Àǹtí mi fúnra wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín ti parí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n ra ìbòrí ńlá kan àti àtíkè. Ọjọ́ kejì, ojú nìkan la ń rí lára wọn, àtíkè sì bo ìyẹn. Wọ́n wá ń lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ da omi yẹn nù, kò dáa."

"Kí ló ṣe, àǹtí?"

"Mo ní kò dáa."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ó dáa."

"Ó dáa nígbà yẹn. Kò dáa mọ́."

Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́? Ìyàwó onílé ní ó dájú pé àǹtí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ni. Aránṣọ ní ahun ti wọ̀ wọ́n. Oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló da tiẹ̀ nù, ó jẹ́wọ́ fún mi pé adùn ẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn látilẹ̀. Bàbá Abẹ ní, "Mo ti gbọ́, màá dà á nù," wọ́n sì gbé ìgò lọ sẹ́yìn agolo àtíkè lórí pẹpẹ wọn.

Òórùn ló tú wọn fó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà yẹn, nǹkan kan ń gba àárín pákó wọlé. Èmi rò pé eku ló kú. Àǹtí mi gbé iná gáàsì sílẹ̀, wọ́n fa imú, wọ́n dìde lọ sódìkejì. Wọ́n bá Bàbá Abẹ tó ń fá irun, tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró bíi lékeléke, àǹtí mi sì rí ìgò. Ibi tẹ́ ẹ ti bá wa nìyẹn.

Ìgò wà lọ́wọ́ mi. Àǹtí mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ńṣì kún fún àwọn tó ń dúró de irun, aránṣọ wà níbẹ̀ tó mú ọmọ ẹ̀ wá, ìyàwó onílé yọjú lẹ́nu ọ̀nà torí ariwo.

Bàbá Abẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi rìn wọ ọsibítù lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n gé ọ̀kan, kò sì padà wálé. Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ kí n lọ?"

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Kẹ́ ẹ lọ nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ ṣì wà."

"Omi ń ṣiṣẹ́."

"Omi ò ṣiṣẹ́ kankan! Ṣé imú yín ti dí ni?"

"Ó dáa. Omi tó o ní kò dáa, ìwọ lo kọ́kọ́ mu ún. Kí ló fi ẹ́ ṣe? Dá mi lóhùn. Ìwọ rèé, o ń jẹ, o ń sùn, o ń wá bú mi ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Àǹtí mi di etí ìbòrí wọn mú.

"Ẹ rí i? Kò sí."

"Bí mo bá fi hàn yín, ẹ máa lọ?"

"Fi kí ni hàn mí?"

"Ẹ máa lọ, àbí ẹ ò ní lọ?"

Bàbá wo àwọn èèyàn tó wà lórí bẹ́ńṣì, wọ́n wo ìbòrí. "Tí mo bá rí nǹkan kan, màá lọ."

Mo sáré sọ ọ́ sí àǹtí mi létí pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé, kí bàbá nìkan rí i. Wọ́n fi ìgúnpá tì mí. Wọ́n ní, "Ta ló wà níbí tí ò gba omi lọ́wọ́ mi?" Wọ́n lọ dúró níwájú jígí ńlá Bàbá Abẹ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Wọ́n mú táwẹ́lì tútù lára àga, wọ́n fi nu àtíkè kúrò lójú. Wọ́n tú ìbòrí.

Mo ti ń rí i nílé o, àmọ́ láàárín èèyàn, mo rí i lákọ̀tun. Ojú wọn rí bí eérú tí wọ́n po aró díẹ̀ mọ́, látiwájú orí dé ọrùn. Ètè ṣú. Ẹ̀yìn etí tí oòrùn kì í pa nìkan ló ṣì jọ awọ tí wọ́n bí mọ́ wọn.

Oníbàárà olórí àbọ̀ ní, "Yéè!" Aránṣọ fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan lórí bẹ́ńṣì béèrè pé, "Ṣé ó máa ń ràn?"

Àǹtí mi nawọ́ sí mi. "Bó bá ń ràn, ṣé ọmọ yìí tó ń mu omi nínú ife mi láìtọrọ á ṣì pupa báyìí?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ wò mí dáadáa," àǹtí mi ní. "Ẹ má fojú sá. Fàdákà ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é, mo fẹnu ara mi mu ún, kò sì ní kúrò títí wọ́n á fi sin mí. Wọ́n ní kí n máa lò ó, mi ò béèrè pé báwo. Èmi náà ní kẹ́ ẹ máa lò ó, mi ò sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, torí mi ò mọ̀ ọ́n. Ìpara ọsibítù lọ́tọ̀, omi tí mo pò nínú ife lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo purọ́ fún yín, ìyẹn ìgbà tí mo ní kẹ́ ẹ dà á nù tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ nìyí."

Ìyàwó onílé ti kọrí sílé ẹ̀, a gbọ́ tí omi dà sẹ́yìnkùlé, gbùùù.

Bàbá Abẹ tiro wá. Wọ́n fi ìka gbé àgbọ̀n àǹtí mi sókè, wọ́n yí ojú wọn sápá ìmọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ irùngbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá wò.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Pákó lásán ló wà láàárín wa. O ò sọ fún mi."

"Ojú ń tì mí, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá ju ọwọ́ sílẹ̀. "Ojú ń tì ẹ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Wọ́n mú abẹ. "Jẹ́ n parí orí ọmọkùnrin yìí, ká máa lọ."

Wọ́n parí ẹ̀ o. Ìlà tó wà níwájú orí ọkùnrin yẹn tọ́ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á.

Ní ọsibítù, nígbà tí nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá, ó yí ojú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sídìí iṣẹ́. Dókítà ní ìka méjì tó kángun ti kú, ó gbọ́dọ̀ lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ máa dúró. Ó tún fi kún un pé ká ní wọ́n wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, ká ní wọn ò sì pa oògùn wọn tì, fífọ egbò nìkan ni, ìka kankan ò ní lọ. Bàbá Abẹ wo àǹtí mi. Àǹtí mi wo ilẹ̀.

Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ wá wo àǹtí mi o. Wọ́n ti gé ìka tán, ara bàbá ti ń balẹ̀, dókítà kó oògùn sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ máa lo èyí, kẹ́ ẹ sì máa lo èyí pẹ̀lú..."

"Dókítà, ẹ dúró níbẹ̀. Kí là ń pè ní lò ó?"

"Mà?"

"Èwo là ń gbé mì, èwo là ń fi pa ẹsẹ̀? Ẹ nawọ́ sí i. Ẹ má sọ 'lò ó' fún wa mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí dà báyìí."

Dókítà wo ojú wọn, ó rí i, ó sì jókòó. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí, ẹnu. Èyí, ẹnu, lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí, ẹsẹ̀. Àǹtí mi so òwú mọ́ tẹsẹ̀ kí bàbá má bàa ṣì í mú. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àǹtí mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n jókòó tì wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ ń wá wo ojú wọn, wọ́n á dúró lókèèrè. Àǹtí mi á pè wọ́n, "Ẹ sún mọ́ mi, kì í géèyàn jẹ." Kí wọ́n tó lọ, àǹtí mi á kọ́ wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn pé kó máa lo nǹkan láìjẹ́ pé wọ́n nawọ́ síbi tó máa gbà.

Àǹtí mi ò wé ìbòrí yẹn mọ́. Àwọn oníbàárà kan sá, ká má parọ́. Ìyá ìyàwó kan mú òrùka ọmọ ẹ̀ padà, ó ní òun ò fẹ́ kí ọwọ́ tó rí báyẹn kàn án. Àǹtí mi ká ìyẹ̀fun fàdákà tó bọ́ lára ẹ̀ sínú bébà, wọ́n sáré tẹ̀ lé e dé títì, wọ́n ní, "Ẹ gbàgbé tiyín." Ẹni bá tún béèrè omi fàdákà lọ́wọ́ wọn lónìí, wọ́n á kàn gbé ojú sókè, wọ́n á ní kó wò ó títí tó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bàbá Abẹ ti padà sídìí iṣẹ́. Káfíńtà kan bá wọn kan àga gíga tó ní táyà kí wọ́n lè máa jókòó fá irun, àǹtí mi ló sì ní kó kàn án. Bàbá jókòó lé e, wọ́n yí i wò, wọ́n ní, "Àga dáa. Àmọ́ àga kì í ṣe ìka."

A rò pé àwàdà ni. Wọ́n tún sọ ọ́ lọ́jọ́ míì, wọ́n gba àárín pákó: "Fàdákà! Ìka méjì lo jẹ mí."

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lo máa san án?"

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín. Ó sú mi nígbà tó yá. Mo yọ orí sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò lọ ọsibítù. Ta ló ní kẹ́ ẹ pa oògùn yín tì? Àǹtí yìí ló gba ẹsẹ̀ yín là, wọ́n tú ojú ara wọn síta nítorí yín. Ẹ jẹ́ kó tán."

Bàbá ń pọ́n abẹ lára awọ. Wọn ò bínú. "Ó gba ẹsẹ̀ mi là. Mo dúpẹ́, màá máa dúpẹ́. Ìyẹn lọ́tọ̀. Ta ló gbé omi fún mi?"

Kí n tó lanu, àǹtí mi ti pè mí láti òdìkejì. "Ìwọ, wá jókòó. Ṣé ìwọ lo jẹ wọ́n ni?"

"Àǹtí, ẹ ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan!"

"Mo jẹ wọ́n. Tún fóònù ẹ ṣe."

Títí di báyìí, àǹtí mi ń tọ́jú bàbá bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Wọ́n ń yẹ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn wò, wọ́n ń béèrè oògùn ẹnu, wọ́n ń béèrè oògùn ẹsẹ̀. Bàbá ń gbà á, wọ́n ń dúpẹ́, wọn ò sì yọ ọ̀kankan kúrò nínú gbèsè. Láàárọ̀ yìí pàápàá, àǹtí mi ń fi iná lẹ ìkọ́ ṣéènì kan pọ̀, mo gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn pákó.

"Fàdákà! Tèmi ńkọ́?"

Àǹtí mi pa iná gáàsì. Wọ́n gbé ẹ̀mú sílẹ̀, wọ́n yíjú sí pákó bíi pé wọ́n ń rí bàbá.

"Ó wà lọ́rùn mi, ẹ̀gbọ́n."

A gbọ́ tí bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ.